“Ẹ Kú Iṣẹ́” Tó Gún Bíríkìlà Lọ́kàn

Ọ̀rẹ́ mi, ìkíni tó dùn lè gún ènìyàn bí abẹ́rẹ́. Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bíríkìlà kan.

Nílùú rẹ̀, Ojú-Ìwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Àwọn bíríkìlà yòókù á ju okùn tó ní irin nídìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó dúró ṣánṣán. Òun á di ojú kan, á fi èkejì wò ó, ó parí. Ẹnu rẹ̀ kò sì mọ níwọ̀n lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ìyàwó rẹ̀ bá pè é sí ṣọ́ọ̀ṣì, á rẹ́rìn-ín, á ní ẹni tí kò mọṣẹ́ ló ń yọ Ọlọ́run lẹ́nu.

Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun gbà á síṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́. Wọ́n mú ọmọbìnrin wọn dání, wọ́n sì lọ, tòun ti oyún ọmọ kejì.

Yàrá kan ni wọ́n ń gbé, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ògiri. Nílé, bí bíríkìlà bá wà lórí àkàbà, kódà ẹni tó ń bá a jà á kí i kú iṣẹ́. Níbí, ẹsẹ̀ ń rọ́ kọjá, ẹnikẹ́ni kì í gbójú sókè. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù tó ń kí i. Bó bá ti wọlé nírọ̀lẹ́, á ní, “Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú iṣẹ́.” Ara rẹ̀ á sì fúyẹ́.

Òfin ibi iṣẹ́ náà ni pé kí bíríkìlà fi ìwọ̀n wo gbogbo ìlà bíríkì tó bá tò. Ojú-Ìwọ̀n ní ìwọ̀n wà lójú òun. Ṣùgbọ́n bíríkì ibẹ̀ kò rí bíi ti ilé, òtútù sì ń mú kí ojú rẹ̀ máa ṣomi. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá kan tí kò tó o lọ́jọ́ orí ju okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀, ó sì rí i pé ó wọ́. Wọ́n ní kí ó wó o, kí ó tún un mọ. “Ẹ jọ̀ọ́” kan péré ì bá parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní òun kò lè bẹ ọmọ tí òun lè bí. Ọjọ́ náà ni wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ọkùnrin tó ń fojú wọn ògiri kò rí i pé òun gan-an ló ti wọ́.

Kò lè sọ fún ìyàwó rẹ̀. Láràárọ̀, á gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, á pa fóònù rẹ̀, á lọ jókòó sórí àga gígùn kan nínú ọgbà ìtura. Ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé wọn kì í gba fóònù láyè níbi iṣẹ́. Nígbà mìíràn á wáṣẹ́ kiri, kò rí. Èrò kún inú ọgbà náà, síbẹ̀ ó dá wà, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni láyé tó mọ ibi tó wà. Kí ó tó padà sílé, á fi eruku pa ṣòkòtò rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á sì kí i: “Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú iṣẹ́.” Ọ̀rọ̀ tó ń tù ú lára wá di ẹ̀gún. Á tẹrí ba, á máa tú okùn bàtà rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ jù, ó ń gbé omi gbígbóná wá kó fi rẹsẹ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìrọbí mú obìnrin náà. Ó pe fóònù ọkọ rẹ̀ títí, kò wọlé. Púlọ́ḿbà kan tó ń gbé nísàlẹ̀ wọn, tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan náà, gbé òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn, ó sì sáré lọ pe ọkọ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Wọ́n ní ọkùnrin náà ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Nígbà tó padà, obìnrin náà bi í léèrè, kò sì lè purọ́ fún un.

Nírọ̀lẹ́, Ojú-Ìwọ̀n délé pẹ̀lú eruku rẹ̀, ó bá púlọ́ḿbà lórí àtẹ̀gùn. Ìyẹn sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ wà nílé ìwòsàn, wọ́n sì jọ lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti bímọ, láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó wo ṣòkòtò rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́,” ló wí. Kò sọ pé ẹ káàbọ̀.

Ọkùnrin náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fara ti ògiri, ó sunkún. Ìtìjú bò ó débi pé kò lè gbójú sókè. Púlọ́ḿbà dúró tì í.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti ba ayé mi jẹ́.”

“Àbúrò, o wọ́. Èmi náà wọ́ rí. Jésù nìkan ni ìwọ̀n tí kì í tanni jẹ. Ó rí i pé a wọ́, kò sì lé wa dànù. Ó kú nípò wa, kí Ọlọ́run lè tún wa mọ.”

“Kí ni kí n ṣe?”

“Ohun tí o kọ̀ láti sọ fún ọ̀gá yẹn, sọ ọ́ fún Jésù.”

Bíríkìlà kúnlẹ̀ síbẹ̀. “Jésù, ẹ jọ̀ọ́,” ló ń wí, kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa tí àdúrà ti mọ́ lára kì í sọ “ẹ” fún Olúwa, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò mọ̀. Olúwa kò bínú sí i. Ó gbọ́ ọ.

Ó padà wọlé, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: ògiri, àga inú ọgbà, eruku. Kò di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà sunkún, ó bínú. Lẹ́yìn náà ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, kí ọkọ rẹ̀ lè ráyè jókòó lórí ibùsùn.

“Ẹ káàbọ̀,” ló wí.

Ọ̀gá yẹn kò gbà á padà nígbà tó lọ bẹ̀ ẹ́. Ògiri ọgbà àwọn ènìyàn ló ń tún ṣe báyìí, okùn ìwọ̀n kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Fèrèsé wọn ṣì kọjú sí ògiri, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò dá wà mọ́.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Irú eruku wo lo fi ń pa ara rẹ kí ayé lè máa kí ọ? Wọ́n ń yìn ọ́, ọ̀rọ̀ náà ń gún ọ, ìwọ nìkan lo sì mọ àga tí ò ń lọ jókòó sí. Jésù mọ àga náà. Sọ fún un lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú: “Jésù, jọ̀ọ́.” Má ṣe sọ pé o fẹ́ kọ́kọ́ gbọn eruku dànù. Wá pẹ̀lú eruku náà lára. Jésù ti mọ̀ pé o kò ṣiṣẹ́ kankan tí òun máa kí ọ fún. “Káàbọ̀” ló fẹ́ sọ fún ọ.