Àga Kíláàsì Kẹrin

"Wọ́n ní káfíńtà yẹn… ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́… pé kí ọmọ tálákà jókòó sílẹ̀… Àfẹ́sọ́nà tíṣà wa mà ni…"

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé etí tíṣà kíláàsì kẹrin nìyẹn, nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ló ti ń kọ́ni. Ọgọ́ta ọmọ, àga mọ́kànlá. Àwọn tó kù ń dojú bolẹ̀ kọ̀wé bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àga kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ọkùnrin náà wo àga, ó wo ojú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹsẹ̀ kan ló kù sí èyí o. Ṣé kí n tún un ṣe ni, àbí kí n sin ín?"

Ẹ̀rín pa á. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni káfíńtà ń fi pákó tó ṣẹ́kù kan àga fún àwọn ọmọ rẹ̀, kò gba nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé, tó sì jókòó.

Àfi ìgbà tí ọ́fíìsì gbé iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún àga tuntun fún un. Ilé ẹ̀kọ́ orí òkè, tí ọmọ àwọn ọ̀gá ń lọ, ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Àga ti kún ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Inú bí tíṣà débi pé kò lè jẹun. Bàbá rẹ̀, tí káfíńtà kò tẹ́ lọ́rùn rí, ní, "Ẹni tó ní kí ọmọ ọlọ́mọ jókòó sílẹ̀, ilẹ̀ náà ni yóò tẹ́ fún ọmọ tèmi."

Tíṣà bọ́ òrùka, ó sọ ọ́ sínú páálí ṣọ́ọ̀kì, pé kí wọ́n dá a padà.

Àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì náà, ló gba páálí lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé bó bá lanu, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ó jókòó.

"Kí iṣẹ́ bọ́. Ojú mi ló ṣe. Ọ̀gá ló ní ilẹ̀ ti tó ọmọ ẹ̀yìn ibùdókọ̀. Káfíńtà dá ìwé iṣẹ́ wọn padà sórí tábìlì. N kò fi kún un, n kò yọ kúrò níbẹ̀. Ó ní: 'Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ní kí ọmọ tálákà jókòó sílẹ̀. Ó dáa. Ẹ kọ́kọ́ dìde lórí àga yín ná, kí gbogbo wa jọ jókòó sílẹ̀. Mo ti kan mọ́kàndínlógún, ó ku ọgbọ̀n. Títí n ó fi kan tàwọn ọmọ ìyàwó mi tán, n kò ní kan tẹnikẹ́ni.'"