Adé Ewé Òkun Lórí Jẹ́lé-ó-sinmi

Ewé òkun ni wọ́n fi hun ún, ó sì ń kán omi. Ohun tó kọ́kọ́ rú Rannvá lójú nìyẹn. Òjò ò rọ̀ mọ́jú, òkun sì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́. Síbẹ̀ adé ewé kan wà lórí góńgó òrùlé ilé tuntun yẹn láàárọ̀, ó rí roboto bí òṣùká, ó dúdú, omi ń kán lára ẹ̀ tó, tó, tó, sórí pákó.

"Ta ló gbé e síbẹ̀?" ó bi Tróndur, ọ̀gá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà.

Tróndur gbójú sókè, ó họ irùngbọ̀n. "Kì í ṣe àwọn ọmọ mi o. Àwọn yẹn ò tíì jí dáadáa, ibo ni wọ́n ti máa hun nǹkan?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀."

Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ti padà síbẹ̀.

Rannvá ló ya pílánì ilé yẹn. Jẹ́lé-ó-sinmi ni, gíláàsì gbàgàdà ló kọjú sókun, koríko tútù ló sì máa bo òrùlé ẹ̀ bíi ti ilé àwọn baba ńlá wọn. Àwọn oníròyìn ti ń ya fọ́tò ẹ̀ nígbà tí kò tíì ní ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá bi Rannvá léèrè ibi tó fẹ́ràn jù, ẹ̀yìn ògiri ìwọ̀-oòrùn ló máa sọ, lábẹ́ òkè. Atẹ́gùn erékùṣù Faroe yẹn kì í ṣeré rárá, ó lè já ilẹ̀kùn mọ́tò gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ̀yìn ògiri yẹn nìkan ni kì í dé. Ibẹ̀ ni wọ́n máa to kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ ọwọ́, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ sínú ẹ̀, sí lọ́sàn-án, kí wọ́n sùn níta nínú afẹ́fẹ́ tútù, bí gbogbo ìyá ibẹ̀ ṣe ń tẹ́ ọmọ. Marjun, ọmọ Rannvá, máa wà lára wọn. Ẹkún àti ìrètí ni òun àti ọkọ ẹ̀ fi wá ọmọ yẹn fún ọdún gbọọrọ. Ká má parọ́, torí Marjun ló ṣe ya igun yẹn.

Igun yẹn gan-an ni adé náà ń padà sí. Kì í bọ́ sí àárín òrùlé níbi tí wọ́n máa ń gbé adé sí. Òkè orí ibi tí àwọn ọmọ máa sùn ni, ní gbogbo ìgbà.

"Ìyá Marjun, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi," Tróndur sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó ń wẹ̀yìn. "Àsè ni nǹkan yìí ń bèèrè."

Lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ tí igi òrùlé bá ti gòkè, adé ewé á wà lórí ẹ̀, onílé á sì bọ́ gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan ilé náà. Onílé tó bá ṣahun, àwọn òṣìṣẹ́ á gbé ògbólógbòó ṣòkòtò kọ́ sórí òrùlé ẹ̀, kí tọmọdé tàgbà lè fi í ṣẹ̀sín. Kánsù ló ni ilé yìí, alága kánsù sì ti ní iṣẹ́ ti pẹ́ jù, kò sáyè àsè.

"Tó bá jẹ́ àwọn ọmọ mi ni, ṣòkòtò ni wọ́n máa gbé kọ́," Tróndur ní. "Wọ́n tiẹ̀ ti yan ti ẹni tó máa jẹ́. Àmọ́ èyí ò jọ yẹ̀yẹ́. Èyí jọ ẹni tí ebi ń pa."

Rannvá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n gbogbo irun ọwọ́ ẹ̀ ló dìde. Ó ní òun máa se àsè náà fúnra òun.

Ọ̀sán Sátidé ni. Wọ́n to pákó gígùn sáàárín ilé náà, oòrùn ń gba àárín igi òrùlé wọlé. Ẹran àgùntàn tí wọ́n sá gbẹ sínú atẹ́gùn wà ńlẹ̀, ọ̀dùnkún sísè wà, kọfí ń rú èéfín. Beinta, obìnrin tó máa ṣàkóso jẹ́lé-ó-sinmi náà, gbé kéèkì oníjáàmù wá. Ariwo pọ̀, ẹ̀rín pọ̀.

Bàbá kan jókòó sí ìpẹ̀kun pákó. Ẹnikẹ́ni ò rí i nígbà tó wọlé. Ẹ̀wù onírun àgùntàn ló wọ̀, bàtà awọ tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, irú tí Rannvá ò rí rí àfi nínú ilé tí wọ́n ń kó nǹkan àtijọ́ sí. Ẹrẹ̀ dé e lórúnkún. Ó ń rùn bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Rannvá rò pé ọ̀kan lára àwọn tó ń sin àgùntàn lórí òkè ni. Ó bu oúnjẹ lọ bá a.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ jẹun."

"O ṣé, ọmọ mi." Ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látẹ̀yìn ògiri. "Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti bu oúnjẹ fún mi."

Ó jẹun díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè, "Ibo làwọn ọmọ á ti máa sùn?"

Rannvá nawọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú. "Ẹ̀yìn ibẹ̀ yẹn, bàbá. Atẹ́gùn kì í débẹ̀."

"Mo mọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n kọ́lé mi síbẹ̀ nìyẹn."

Rannvá wo ibẹ̀. Ilé kankan ò sí níbẹ̀. Koríko lásán ni, òkè sì wà lẹ́yìn ẹ̀.

"Atẹ́gùn kì í débẹ̀," bàbá náà tún sọ. "Òkè ló ń débẹ̀."

Ó na kéèkì tó wà níwájú ẹ̀ sí i. "Bá mi di èyí. Ọmọ wà nílé."

Rannvá fi aṣọ ìnuwọ́ aláwọ̀ búlúù di í fún un. Ó yíjú kó bu kọfí sí i, ìgbà tó máa yíjú padà, àga ti ṣófo. Àga náà tutù rinrin.

"Ọ̀gá Tróndur, bàbá yẹn dà?"

"Ṣé kì í ṣe bàbá yín ni? Mo tiẹ̀ ń sọ lọ́kàn mi pé ẹ ò jọra rárá, Ọlọ́run ló yọ yín."

Láti ọjọ́ náà, adé ewé ò padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n Rannvá ò jẹ, kò mu. Bó bá ti gbé Marjun sáyà, òórùn ilẹ̀ tútù ló ń gbọ́. Ó gbé pílánì, ó sì gbé ibi tí àwọn ọmọ máa sùn kúrò ní ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, níbi tí atẹ́gùn ti ń ké bí ẹhànnà.

Alága kánsù pariwo. "Ìyá Marjun, ṣé ara yín yá? Ṣé ẹ fẹ́ kí atẹ́gùn gbé àwọn ọmọ wa lọ sí Iceland ni? Àwọn tó mọ̀ nípa ilẹ̀ ti yẹ ibẹ̀ wò, wọ́n ní kò séwu!"

Kí ló fẹ́ sọ? Pé bàbá kan tó jẹ kéèkì ló rán òun? "Ẹ pa orúkọ mi rẹ́ lára ilé náà tó bá wù yín," ó ní. "Ọmọ kankan ò ní sùn síbẹ̀."

Tróndur ló gbà á sílẹ̀. Ó kan ògiri pákó kan tó ga láti fi dí atẹ́gùn. Ògiri náà burẹ́wà. Àwọn oníròyìn ní Rannvá ti fọwọ́ ara ẹ̀ ba iṣẹ́ ara ẹ̀ jẹ́. Ó sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò ní tan yín.

Wọ́n ṣí jẹ́lé-ó-sinmi náà. Nígbà tí ìgbà òtútù ń kanlẹ̀kùn, òjò bẹ̀rẹ̀, ó kọ̀ kò dá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí òjò ṣe dáwọ́ dúró díẹ̀, àwọn ọmọ ń sùn níta, Rannvá ń sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí tírélà ń da òkúta. Òkè ló ya. Ilẹ̀ àti òkúta rọ́ wálẹ̀, ó kún ẹ̀yìn ògiri ìwọ̀-oòrùn bámúbámú, ó dé etí òrùlé, ó sì dúró.

Rannvá sáré yí ilé náà po, bàtà kan bọ́, kò mọ̀. Ní ìlà-oòrùn, gbogbo kẹ̀kẹ́ dúró ní títò. Àwọn ọmọ ń sùn. Marjun ń fa àtàǹpàkò ẹ̀ mu. Rannvá kúnlẹ̀ sínú omi. "Ẹ ṣé," ló ń sọ, "ẹ ṣé, ẹ ṣé," kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń kí.

Nígbà tí Tróndur àtàwọn ọmọ ẹ̀ ń kó ẹrẹ̀ kúrò, wọ́n bá òkúta tí wọ́n tò bí ògiri nísàlẹ̀. Ilé àtijọ́ ni, òkè ti ya bò ó mọ́lẹ̀ nígbà kan tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́. Ààrò wà níbẹ̀. Pákó ibùsùn ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Lórí òkúta ààrò náà, nínú gbogbo ẹrẹ̀ yẹn, wọ́n bá aṣọ ìnuwọ́ búlúù kan tí wọ́n ká dáadáa. Ó gbẹ táútáú. Èérún kéèkì wà nínú ẹ̀.

Tróndur ṣí fìlà. Ẹnikẹ́ni ò dápàárá lọ́jọ́ yẹn.

Ìyẹn ì bá tó. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, Beinta pe Rannvá lórí fóònù, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ìyá Marjun, ẹ wá wo nǹkan."

Ìkọ́ tí àwọn ọmọ ń fi kótù kọ́ wà lára ògiri, orúkọ ọmọ wà lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó gbẹ̀yìn ò lórúkọ. Ìbọ̀wọ́ kékeré kan ló wà lórí ẹ̀, òwú àgùntàn ni, ẹrẹ̀ ń kán lára ẹ̀. "Mo ti fọ̀ ọ́," Beinta ní, "mo ti sá a. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á tún ti tutù. Ẹ tún wo ilẹ̀."

Ipa ẹsẹ̀ ọmọdé ni, láìsí bàtà. Ó ti ẹnu ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn wọlé. Rannvá wá èyí tó jáde. Kò rí i.

"Ṣé kí n jù ú nù?"

"Ẹ má jù ú o." Omijé ti dé ojú Rannvá. "Bàbá ẹ̀ ló dá ọmọ mi sí. Ẹ jẹ́ kí tiẹ̀ náà rí ẹgbẹ́ bá ṣeré."

Ọjọ́ náà ni Beinta gbé kẹ̀kẹ́ kan kún àwọn tó kù níta, ó tẹ́ ẹ, ó fi kéèkì díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àwọn òbí ń rí i, wọn kì í béèrè. Bí atẹ́gùn bá dé lọ́sàn-án, gbogbo kẹ̀kẹ́ yòókù á máa gbọ̀n pẹ́pẹ́pẹ́. Ìyẹn nìkan ló máa ń rọra mì, síwá, sẹ́yìn, bí ìgbà tí bàbá kan bá jókòó tì í, tó ń rẹ ọmọ ẹ̀ sùn.