Àáró Tí Mojeed Dá Lẹ́sẹ̀ Òkè

Ara Mojeed ò tíì balẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ràmọ́nì bàbá rẹ̀, tí ẹ̀yìn dídùn ò jẹ́ kó lọ oko mọ́, jókòó tì í.

"Rọra sọ ọ́. Oko wo?"

"Ti ẹsẹ̀ òkè náà ni, Bàbá. Èyí tẹ́ ẹ ní ó ti sinmi tó."

Láyé ogun, orí òkè yẹn làwọn èèyàn sá sí. Wọ́n to òkúta léra kí àgbàrá má baà wọ́ erùpẹ̀ lọ, wọ́n ń gbin iṣu sáàárín rẹ̀. Òkúta ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó tò ó ni ò sí mọ́.

Lánàá, Mojeed kọ ebè títí ìbàdí rẹ̀ fẹ́ já. Kò sólùrànlọ́wọ́, ọ̀kadà làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gùn n'Ígbòho. Ló bá fi ọkọ́ sídìí igi igbá, ó gbójú sókè sáwọn òkúta yẹn.

"Ẹ̀yin ará òkè, ẹ ò kúkú níṣẹ́ ṣe. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe àáró!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó relé.

Nígbà tó débẹ̀ lónìí, wọ́n ti kọ gbogbo oko náà tán. Ebè ńláńlá tó ga dé àyà, irú èyí tẹ́nì kankan ò kọ mọ́. Kò sí ipasẹ̀ kankan nílẹ̀. Àmọ́ òógùn ẹlòmíì ló mú kí èèkù ọkọ́ rẹ̀ rin gbingbin.

Ràmọ́nì sún mọ́ ọn.

"Àáró lo pè é? O ò pè é ní ọ̀wẹ̀?"

"Àáró ni, Bàbá. Eré ni mo ń ṣe o."

"Ò bá jẹ́ bẹ ọ̀wẹ̀, ọmọ yìí! À bá gbé iyán lọ fún wọn, kó parí síbẹ̀. Ẹni tó bá ọ ṣe àáró ńkọ́? Àfi kó o lọ ro oko tiẹ̀."

"Níbo loko wọn wà báyìí?"

Ilẹ̀ ni Ràmọ́nì ń wò.

Oòrùn ń wọ̀. Ẹnì kan wúkọ́ díẹ̀ níta, bí àlejò tó mọ̀wà hù.

"Ẹ kú ilé o." Ohùn náà rọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an. "Ẹ bá wa sọ fún Mojeed pé tiwa ló kàn. Kó má wulẹ̀ mú ọkọ́ dání. Ọkọ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wa."

Wọ́n tẹ́tí. Wọn ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kankan tó ń lọ.

Mojeed dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ọ̀pá dábùú rẹ̀, ó sì jókòó.