Ìṣó Inú Ògiri

Kúnbi ń gbálẹ̀ yàrá wọn lọ́wọ́ nígbà tí ó gbọ́ ohùn bàbá onílé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ìgbà tí ògiri ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù nínú ilé yẹn, kò sí ohùn àgbàlagbà kan tí kì í já a láyà.

"Ìyá Junaid," ni Dádì Ọláìyá onílé ń wí, "tánkì tí mo fa omi kún lánàá, òfìfo ni mo bá a láàárọ̀ yìí. Ògiri yàrá yín ló sì ń rin. Kí ni ẹ ń fi omi ṣe nínú yàrá?"

"Dádì, mi ò fi omi ṣe nǹkan kan." Àlùbọ́sà ni Ìyá Junaid ń tà ní Mile 12, kò tíì ráyè tú ìborùn tó wé bọ̀ láti ọjà. "Ìdájí ni mo ń jáde. Ta ni yóò wá da omi sára ògiri nígbà tí mi ò sí nílé?"

"Ohun tí èmi náà fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Mo ti ní kí Mùkáílà púlọ́ńbà wá wò ó. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ bá ògiri mi jẹ́, mi ò ní bá yín jà. Ẹ óò kàn kó jáde ni."

Kúnbi fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Níwájú rẹ̀, dígí gígùn kan wà lára ògiri tí ó pín yàrá tiwọn níyà sí ti Ìyá Junaid. Ẹ̀yìn dígí yẹn ni ìṣó wà. Òun àti Loveth ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ ohun tí ìṣó náà ṣe.

Kò tíì pẹ́ tí Kúnbi àti màmá rẹ̀ kó dé ilé yìí, ní Ìkòsí. Ajégúnlẹ̀ tó wà lẹ́bàá Òwódé Onírin ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, níbi tí odò ti máa ń wọlé bá wọn nígbà òjò. Orí búlọ́ọ̀kù ni wọ́n máa ń gbé bẹ́ẹ̀dì lé. Lọ́dún tó kọjá, omi mu Kúnbi dé àyà, ejò sì lúwẹ̀ẹ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ọjọ́ náà ni màmá rẹ̀ búra pé òjò mìíràn ò ní bá àwọn níbẹ̀. Wọ́n wá yàrá títí ó fi fẹ́ sú wọn kí Dádì Ọláìyá tó gbà wọ́n sílé, òfin kan ṣoṣo ló sì fún wọn.

"Ògiri ilé yìí ò nípọn, páìpù sì wà nínú ẹ̀," ló wí. "Ẹ má kan ìṣó mọ́ ọn. Ẹni tó bá kàn án yóò kó jáde."

Etí Kúnbi fúnra rẹ̀ ló fi gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n màmá rẹ̀ tó ń gbé ní Ifákọ̀ ló fún un ní dígí náà. Màmá rẹ̀ ní kó ṣì gbé e ti ògiri nílẹ̀ títí àwọn yóò fi rí ẹni bá àwọn kan ẹsẹ̀ pákó sí i. Kúnbi gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní Sátidé kan tí màmá rẹ̀ lọ sí ìpàdé ìjọ, Loveth wá kí i. Kíláàsì SS2 kan náà ni wọ́n jọ wà. Loveth wo dígí nílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé o máa ń kúnlẹ̀ kó o tó rí ojú ara ẹ ni?"

"Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ kan ìṣó."

"Ìṣó kan péré? Dígí ló máa bò ó. Àbí ẹ̀rù láńlọ́ọ̀dù ń bà ẹ́ dé inú yàrá yín?"

Kúnbi kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ojo. Bàbá Loveth jẹ́ kápẹ́ńtà. Loveth sáré lọ mú òòlù àti ìṣó gígùn kan wá, Kúnbi sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Ìṣó náà kọ́kọ́ le, lẹ́yìn náà ó dédé rọ̀, bí ẹni pé nǹkan gbé e mì nínú ògiri. Omi tín-ín-rín yọ létí rẹ̀, ó ń súfèé. Kúnbi fẹ́ fà á yọ, Loveth di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Tó o bá fà á, omi máa tú jáde. Gbá a wọlé sí i, á dí ihò náà. Má sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Lóòótọ́, nígbà tó gbá a wọlé sí i, omi dáwọ́ dúró. Nígbà tí màmá rẹ̀ dé, tó béèrè ibi tó ti rí ohun tó fi dígí kọ́, Kúnbi ní ìṣó àtijọ́ kan ti wà níbẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà. Màmá rẹ̀ gbà á gbọ́.

Àmọ́ omi kò dáwọ́ dúró ní ti gidi, ọ̀nà ló yí padà. Ó ń gba inú ògiri lọ sí yàrá Ìyá Junaid díẹ̀díẹ̀, ó ń ba ọ̀dà jẹ́, ó ń rin kápẹ́ẹ̀tì obìnrin náà. Tí ilé bá dákẹ́, Kúnbi a máa gbọ́ ọ nínú ògiri bí ìgbà tí ènìyàn ń mí láàárín eyín. Kò lè kàwé mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ dé. Ó ń nu dígí lọ́jọ́ kan, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kan ògiri, nǹkan sì ta á dé ìgúnpá. Ó rò pé èèrà ni. Ó fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún ta á. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ki áyọ́ọ̀nù sí kò jìnnà sí ibẹ̀, ọ̀rinrin sì ti yí i ká. Kúnbi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀; olùkọ́ físíìsì wọn ti kọ́ wọn ní ohun tí omi àti iná mọ̀nàmọ́ná lè jọ ṣe. Láti ọjọ́ náà, kì í sún mọ́ ògiri láìwọ bàtà. Ó ní kí màmá rẹ̀ má fara kàn án, pé ọ̀dà ń yọ́. Ó ń ṣọ́ màmá rẹ̀. Kò rántí ṣọ́ ẹni tó wà lódìkejì ògiri.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Mùkáílà dé, nígbà tí Kúnbi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé bọ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó máa ń bá ọmọdé àti àgbà ṣàwàdà. NEPA ti mú iná lọ láti àárọ̀. Ó ní kí wọ́n ti gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé pa. Ó gun orí tánkì, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí omi dé, ó dúró díẹ̀. Omi lọ sílẹ̀. Ó ti kọ́kì tí wọ́n fi ń sé omi tó ń lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Omi tún ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó wá ti èyí tó wà fún ẹ̀yìnkùlé, omi dúró.

"Ọwọ́ ti bà á," ló wí bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. "Inú ògiri tó wà láàárín yàrá méjèèjì yìí ni páìpù yẹn gbà. Àmọ́ ibi tí omi ti yọ lè jìnnà sí ibi tó ti ń jò. Mo fẹ́ kọ́kọ́ wo yàrá kejì." Ó yíjú sí Kúnbi. "Àbúrò, bá mi ṣí ilẹ̀kùn yín."

Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò yúnífọ́ọ̀mù Kúnbi, ó ń gún un nítan.

"Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mọ́mì mi," ló wí. "Wọn ò tíì dé."

"Kò burú. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ìhín."

Ìyá Junaid ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpò Ghana-must-go, ó jókòó lé e lórí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Mùkáílà bọ́ bàtà kí ó má baà fi ẹrẹ̀ ba yàrá obìnrin náà jẹ́. Ó dúró lórí sìmẹ́ńtì tó ti rin, ó gbé òòlù àti irin tó fi ń gbẹ́ ògiri.

"Dádì, ṣé wáyà iná wà níbí?"

"Kò sí," ni Dádì Ọláìyá dáhùn. "Ìhà kejì ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wà."

Kúnbi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbọ́ ìbéèrè, ó gbọ́ ìdáhùn. Ó wo ẹsẹ̀ lásán Mùkáílà nínú omi. Tó bá sọ pé iná wà lára ògiri, wọn yóò bi í bó ṣe mọ̀. Tí wọ́n bá bi í, wọn yóò wọ yàrá. Tí wọ́n bá wọ yàrá, òun àti màmá òun di ará Ajégúnlẹ̀ padà. Ó lanu, kò rí ohùn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí iná, pé Mùkáílà lè parí kí iná tó dé. Òòlù ń dún, sìmẹ́ńtì ń já bọ́.

Lójijì àwọn ọmọdé ojúlé kejì hó yèè pé iná ti dé.

Òòlù dákẹ́. Nígbà tí Kúnbi wò, Mùkáílà kò ju irin náà sílẹ̀, kò sì lè jù ú sílẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ le gan-an, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ohùn kan ń jáde lọ́fun rẹ̀ tí kò jọ ti ènìyàn. Dádì Ọláìyá na ọwọ́ láti fà á.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," Kúnbi ké, ohùn rẹ̀ wá dé wàyí. "Iná ni. Iná wà lára ògiri."

Ó sáré dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn níbi tí swíìṣì ńlá ilé wà, ó fà á wálẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mùkáílà ṣubú sínú omi. Fún ìgbà díẹ̀ kò mira. Ìyá Junaid ló gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń pè é lórúkọ, títí ó fi húkọ́, tó mí.

Dádì Ọláìyá yíjú sí obìnrin náà. "Ìyá Junaid, ṣé ẹ rí ohun tí ẹ fà?"

Kúnbi ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó kúnlẹ̀.

"Kì í ṣe àwọn, sà. Èmi ni."

Wọ́n gbé Mùkáílà lọ sí ọsibítù nínú mọ́tò Dádì Ọláìyá. Kò kú, àmọ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jó, méjì nínú ìka rẹ̀ kò sì ká mọ́. Púlọ́ńbà mìíràn ló yọ ìṣó náà, tó pààrọ̀ páìpù. Iṣẹ́ náà kò gbà á pẹ́.

Dádì Ọláìyá kò gbé ohùn sókè. Ó kàn ní kí wọ́n wá ibòmíràn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Màmá Kúnbi kò bẹ̀ ẹ́, ojú ń tì í. Ifákọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n kó lọ, wọ́n ń sùn ní pálọ̀. Kí wọ́n tó lọ, Kúnbi kúnlẹ̀ fún Ìyá Junaid.

"Mo ti dárí jì ẹ́," ni obìnrin náà wí. "Àmọ́ ò ń kí mi láràárọ̀, Kúnbi. Ò ń wò mí bí mo ṣe ń di ẹrù mi."

Lẹ́yìn náà màmá rẹ̀ mú un lọ kí Mùkáílà nílé. Báńdéèjì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ṣàwàdà kankan lọ́jọ́ náà.

"Ìṣó kọ́ ló ṣe mí báyìí," ló wí jẹ́jẹ́. "Iṣẹ́ mi ni kí n máa yọ ìṣó kúrò nínú páìpù. Ká ní o sọ̀rọ̀ ni, à bá ti pa swíìṣì, n bá ṣe é tán, n bá máa lọ. O mọ̀ pé iná wà níbẹ̀, o sì ń wò mí."

Kúnbi wo báńdéèjì náà. Ìbáwí, ìtìjú, kíkó jáde nílé, gbogbo ohun tó ti ń bẹ̀rù látọjọ́ yìí ti dé bá a, ó sì ṣì wà láàyè. Ọwọ́ ọkùnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ yìí ni kò lè padà bọ̀ sípò.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, kò sí ẹni tí kì í ṣàṣìṣe. Bíbò ó mọ́lẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ di ewu, ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń fara gbá a. Bí ẹ̀rù tilẹ̀ ń bà yín, ẹ tètè sọ fún ẹni tó lè tún un ṣe. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí ó ṣì jẹ́ omi lásán.