Ihò Tí Pílásítà Dí

“Ìwọ lo fọ́ ẹ̀rọ ìjọba, ìwọ ni wọn yóò gbé lọ. Èmi ò ní bá ọ kú sí i!”

Jàfárù ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ mọ́ Ràhámọ̀tù, ìyàwó tó fẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí kò ní ju ṣòkòtò kan lọ. Ẹ wo ọkùnrin! Obìnrin tó bá a jìyà dé Niamey, òun ló fẹ́ fi ra ẹ̀mí ara rẹ̀.

Ràhámọ̀tù di férémù ìlẹ̀kùn mú. 

Ní Lazaret, àdúgbò kan ní Niamey, ni wọ́n ń gbé, láyé ìjọba sójà, nígbà tí owó yurániọ́mù tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ń wọ̀lú. Ìjọba gbé ẹ̀rọ kan sí ṣọ́ọ̀bù Jàfárù tó ń gbẹ́ irin fún àwọn awakùsà. Ẹ̀rọ yìí kò fẹ́ kí ènìyàn tì í: ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n lu ihò sí lára ló ń sọ fún ọ̀bẹ rẹ̀ ibi tí yóò gbà. Ràhámọ̀tù, tó ti kọ́ iṣẹ́ títẹ̀wé kó tó wọ ilé ọkọ, ló ń lu ihò náà. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, dípò kí ọ̀bẹ gòkè kọjá irin tó di iṣẹ́ mú, ńṣe ló forí sọ ọ́. Ọ̀bẹ fọ́ yángá, ara ẹ̀rọ sán. Kọ̀máńdáǹ Boubacar dé, ó wò ó, ó ní ọ̀tẹ̀ sí ìjọba ni. Ó ní bí àwọn bá kírun Àsárì tán, òun ń bọ̀ wá mú ẹni tó ṣe é.

Gbogbo Lazaret ló mọ ohun tí irú ìmúni bẹ́ẹ̀ jẹ́. Wọ́n mú Sùlù, alágbẹ̀dẹ ìtòsí wọn, nínú ààwẹ̀ tó kọjá. Títí di òní, sálúbàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó láyà láti gbé e kúrò.

“Ìyáálé mi, ẹ kúkú jẹ́wọ́,” ni Zubaidat wí, ìyàwó kékeré, ẹlẹ́nu dídùn, làálì tuntun lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. “Ẹ má ro ti Mùínàt. Èmi á tọ́jú ọmọ yín. Bí a bá dé Àrílì, n óò fi í sí ilé-ìwé.”

Ẹ gbọ́ ọ! Àwọn awakùsà fẹ́ kó Jàfárù lọ sí Àrílì, ìlú tí wọ́n ti ń wa yurániọ́mù, ilé bíríkì ń dúró dè é níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó kan péré ni ilé náà gbà. Zubaidat ti ń to ẹrù sínú ilé náà lọ́kàn ara rẹ̀.

Jàfárù na ìka. “Mo kọ̀ ọ́, Ràhámọ̀tù. Kí gbogbo ayé jẹ́rìí.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ obìnrin náà lára dé egungun. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tó ń mì í náà ló tì í wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó yọ irin kúrò lórí ẹ̀rọ, kí ohunkóhun má sí níbẹ̀ tí yóò fọ́. Ó ki ìwé oníhò bọ ẹnu ẹ̀rọ, ó ní kó máa kà á díẹ̀díẹ̀, kí ó fojú ara rẹ̀ rí ibi tí ọ̀bẹ ti ṣìnà. Bó tilẹ̀ sán, ẹ̀rọ ṣì ń rìn: apá tó di ọ̀bẹ mú lọ síwájú, ó dára. Ó yà sọ́tùn-ún, ó dára. Ìgbà tó yẹ kó gòkè, ó kàn gbéra bí ẹni tó ń sùn, ó dúró.

Bàtà sójà dún lẹ́yìn rẹ̀: Kọ̀máńdáǹ àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti dé, Jàfárù àti Zubaidat sì tẹ̀lé wọn wọlé.

“Kí lò ń ṣe níbẹ̀?” Kọ̀máńdáǹ fi Haúsá bi í.

“Mò ń wá ibi tó ti ṣìnà, Ọ̀gá,” ló dáhùn. Ó ń fi ìka tọ ìwé náà. Ọwọ́ rẹ̀ kan ohun tó le. “Ẹ wò ó. Àádọ́ta ni mo kọ pé kí ọ̀bẹ fi gòkè, márùn-ún àti òdo. Ẹnì kan lẹ nǹkan dí ihò òdo, ó wá ku márùn-ún. Ìyẹn ni ọ̀bẹ kò fi gòkè tó.”

“Irọ́ ni!” ni Zubaidat ké. “Ẹ̀yin fúnra yín lẹ lẹ̀ ẹ́!”

Ràhámọ̀tù rọra ṣí i. Pílásítà ni, wọ́n gé e bí ewé kékeré, làálì sì gbẹ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Niamey? Àwọn obìnrin á gé pílásítà ní onírúurú, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n á kun làálì lé e. Bí ó bá gbẹ, wọ́n á ṣí i, ọnà á hàn.

“Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú ni làálì kò ti kan ẹsẹ̀ mi,” ni Ràhámọ̀tù wí.

Gbogbo ojú yí sí ẹsẹ̀ Zubaidat. Ó yára fa ìró rẹ̀ sílẹ̀ láti bò ó, ìyẹn gan-an ló sì tú u fó. Ràhámọ̀tù bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìró náà sókè díẹ̀, ó gbé ewé pílásítà lé ọnà ẹsẹ̀ orogún rẹ̀. Ó ṣe wẹ́kú.

“Èmi ni mo kọ́ ọ pé ihò kan ṣoṣo ni òdo,” ló wí. “Mo rò pé àbúrò ni mò ń kọ́.”

Zubaidat bú sẹ́kún. “Mi ò mọ̀ pé yóò fọ́! Mo rò pé iṣẹ́ á kàn bàjẹ́, wọ́n á lé ìyáálé mi. Àrílì ni mo fẹ́ bá ọkọ mi lọ.”

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Wọ́n wọ́ ọ lọ sínú jíìpù, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kọ̀máńdáǹ bojú wẹ̀yìn, ó ní ẹni tó mọ ìwé oníhò yìí kà ni kó múra fún Àrílì.

Jàfárù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ìyá Mùínàt, inú ló bí mi. Jọ̀wọ́, di ẹrù wa.”

“Ẹ ní kí gbogbo ayé jẹ́rìí,” ni Ràhámọ̀tù dáhùn, “Ọlọ́run sì ti jẹ́rìí. Ìyàwó kan ni ilé yẹn gbà, Bàbá Mùínàt. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó gba ọkọ.”

Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ kan bàtà tó bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú bàtà orogún rẹ̀ nílẹ̀, ó gbé e wọlé, kó má baà dà bíi ti Sùlù.