Kọnkéré Orí Gọ́tà Ìyá Fọlárìn

Ọjọ́ kejìlélógún rèé tí àlejò kankan kò ti wọ ilé Àjíbíkẹ́, opó tí àdúgbò rẹ̀ ní Ìsọlọ̀ ń pè ní Ìyá Fọlárìn. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Síláàbù tí ó bo gọ́tà ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni ó ya lulẹ̀ lábẹ́ kẹ̀kẹ́ márúwá. Pákó tí wọ́n fi dí ibẹ̀ ń mì, ẹsẹ̀ sì ń dun Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo. Kò lè gùn ún. Fọlárìn, ọmọ rẹ̀, wà lókè òkun. Àga méjì ni ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnì kan ni ó ń jókòó.

Nígbà tí Abdulwasiu bíríkìlà dé ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, ife tíì kan ti wà nílẹ̀ dè é.

“Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Òní ni a ó da kọnkéré. Tó bá di Sátidé, a yọ pákó abẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ gba àlejò.”

“Ọlọ́run á gbè ọ́! Ṣé irin á wà nínú rẹ̀?”

“Àwọ̀n irin gidi ni. Ẹ wò ó.”

Lóòótọ́, àwọ̀n irin náà wà níbẹ̀, ó sùn gbalaja lórí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí gọ́tà láti da kọnkéré lé.

Bàbá Bùràímọ̀, aládùúgbò tí ó fẹ̀yìn tì ní ilé iṣẹ́ irin, ni ó ń kọjá lọ tí ó dúró.

“Wasiu, ṣé bí irin yìí ṣe máa sùn nìyẹn?”

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká rí oúnjẹ jẹ o! Tí a bá ń da kọnkéré, a ó máa fi ìkọ́ fà á sókè.”

“O fà á sókè, ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ tẹ̀ ẹ́ padà. Ta ni yóò gbé e dúró, àǹjọ̀nnú?”

Ìyá Fọlárìn bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ó ti gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀.

Bàbá Bùràímọ̀ yí àfọ́kù síláàbù àtijọ́ dà. Irin tí ó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà. Ó fi ìka kàn án, ó sì rún.

“Orí pákó ni wọ́n tẹ́ èyí náà sí. Kọnkéré kò rí ọ̀nà gba abẹ́ irin, ọ̀rinrin gọ́tà sì jẹ ẹ́ tán.”

“Ọkọ mi ni ó dúró tì wọ́n lọ́jọ́ náà,” ni Ìyá Fọlárìn wí jẹ́ẹ́.

“Kò lè rí abẹ́ rẹ̀. Ẹ má bá a wí. Bí ẹrù bá gun síláàbù, ìsàlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń fẹ́ ya; ìtòsí ibẹ̀ ni irin ti wúlò, ṣùgbọ́n kọnkéré gbọ́dọ̀ bò ó yí ká. Wasiu, bisikíìtì rẹ dà?”

Bisikíìtì tí ó wí kì í ṣe ti jíjẹ. Kọnkéré kékeré ni, tí ó ga tó ìbú ìka méjì, tí a fi ń gbé irin kúrò lórí pákó.

Abdulwasiu fọwọ́ họ orí. “N ò ṣe é sílẹ̀.”

“Lọ ṣe é, kí ó le. Bí ẹ bá sì da kọnkéré tán, kí a máa bomi rin ín ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé kí ẹ tó yọ pákó, kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún.”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin?” Ohùn Ìyá Fọlárìn rẹlẹ̀. “Mo ti ní kí Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ máa bọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi.”

“Bí ó bá já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ ńkọ́?”

Ìyá Fọlárìn wo àga méjèèjì tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó yíjú sí bíríkìlà.

“Wasiu, lọ ṣe bisikíìtì rẹ.”

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n tó da kọnkéré. Ní ọjọ́ kejì, bí Ìyá Fọlárìn ti ń bomi rin ín láti inú ọgbà, ó gbọ́ ohùn Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ní òdìkejì gọ́tà.

“Àjíbíkẹ́! Kọnkéré ni ò ń fún lómi, èmi ńkọ́?”

“Dúró síbẹ̀! Má tẹ̀ ẹ́!”

“Ta ni ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́? Mo ti gbé àga tèmi dání. Gbé tìrẹ wá.”

Ìyá Fọlárìn gbé àga kan jáde, ó fi èkejì sílẹ̀. Kọnkéré tútù wà láàárín àwọn méjèèjì. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí òjìji ilé fi bò wọ́n.

Ẹ̀yin onílé, bí ẹ bá ń ṣe síláàbù, ẹ yẹ irin rẹ̀ wò kí wọ́n tó da kọnkéré, nítorí kò sí ẹni tí ó lè rí irin mọ́ lẹ́yìn náà. Ẹ rí i pé ó dúró lórí bisikíìtì, kí ẹ sì fún un ní omi àti àkókò. Ẹni tí ojú wa ń wá ni ó ń bọ̀ wá gba orí síláàbù náà kọjá. Ẹ má jẹ́ kí ìkánjú àtirí i mú wa pàdánù rẹ̀.