Rímóòtù Inú Àpò Jákẹ́ẹ̀tì

Ilẹ̀kùn gáréèjì ìyá aránṣọ a máa dá ṣí ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan. Ẹ̀rọ òkè a kùn, irin a gbéra nílẹ̀, òórùn epo ọkọ̀ a sì gba gbogbo ilé, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ta ọkọ̀ náà láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Awakọ̀ ni bàbá àwọn ọmọ rẹ̀. Aago mẹ́fà ló máa ń ti ibi iṣẹ́ dé. Ìyá ti yọ wáyà iná ẹ̀rọ náà rí, ilẹ̀kùn ṣí bákan náà.

Inú gáréèjì yìí ni ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́rin àti aṣọ àwọn oníbàárà wà. Ta ni yóò fi wọ́n sílẹ̀ fún olè? Ìdí nìyí tí ìyá kò fi lè lọ sọ́dọ̀ àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó bímọ sílùú mìíràn. Ọmọ ọ̀hún ti pé ogójì ọjọ́, ìyá àgbà kò tíì gbé e rí, ó sì ń dùn ún wọra.

Rímóòtù méjì ló ti rà láti máa fi tì í, tí kò bá ilẹ̀kùn mu, kó tó ránṣẹ́ pe ọkùnrin tó ń tún ilẹ̀kùn ṣe. Ìyẹn gun àkàbà, ó ka nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀rọ, ó sì mú rímóòtù tó ní nọ́ńbà kan náà jáde.

"Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ máa wò, Màmá. Ẹni tó bá fi àwọ̀ ra rímóòtù, ìta ni yóò sùn."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn kò mira. Ọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Rímóòtù kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ yìí lè rántí, ó sì fi hàn pé ẹnì kan ń lo èyí tó rántí lójoojúmọ́. Ọwọ́ ta ló wà?"

Ìyá tẹjú mọ́lẹ̀. "Ó wà lápò jákẹ́ẹ̀tì tá a fi sin bàbá. Èmi ni mo ní kí wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ fún un, torí ó fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò yẹ àpò rẹ̀ wò."

Àkàbà gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n kò sọ̀kalẹ̀. "Tí mo bá tẹ bọ́tìnì yìí mọ́lẹ̀ títí iná pupa á fi kú, ẹ̀rọ á gbàgbé ti tẹ́lẹ̀. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?"

Omi lé ròrò sójú ìyá. Ohun kan wà tí kò sọ fẹ́nikẹ́ni: inú rẹ̀ máa ń dùn tí ilẹ̀kùn bá ṣí.

"Bàbá àwọn ọmọ," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ọmọ wa ti bímọ. Ẹ jẹ́ n lọ gbé e." Ó wá mi orí sí ọkùnrin náà pé kó tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn tẹ̀ ẹ́ títí iná pupa fi kú, ó sì so rímóòtù tuntun mọ́ ẹ̀rọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, aago mẹ́fà lù, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ìyá jókòó, ara rẹ̀ tutù. Ló bá gbọ́ tí ẹnì kan rọra kan irin ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé. Ó tẹ rímóòtù tuntun, ilẹ̀kùn sì lọ sókè wẹ́rẹ́. Kò sẹ́nì kankan níta. Rímóòtù àtijọ́ ló wà lórí sìmẹ́ǹtì, yẹ̀pẹ̀ pupa há sáàárín àwọn bọ́tìnì rẹ̀. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lápò èèyàn.

Ìyá fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó sì dì í mọ́ àárín aṣọ tó ti rán fún ọmọ náà.

"Ẹ ṣé," ó ní. "Màá bá yín kí ọmọ."